Rédíògíráàmù bàbá mi tó fẹ́ẹ́ jó wa mọ́lé l'Agbowó

Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni, lóṣù kẹta ọdún 2024, tí nǹkan kan fi dún 'gbàà!' ní pálọ̀ wa l'Agbowó. Mi ò ní í parọ́ fún yín, Bódìjà ló kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn lálẹ́ ọjọ́ Túsìdeè, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2024 yẹn, ẹ ò ní í gbàgbé ariwo tó bẹ́ ní Bódìjà Àtijọ́, tí ilé wó, tí ilẹ̀ sì mì tìtì káàkiri ìgboro. Gómìnà Ṣèyí Mákindé ló jáde sọ pé nǹkan abúgbàmù táwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé ló fà á. Ọ̀dọ̀ wa l'Agbowó kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Látọjọ́ náà, bí táyà mọ́tò bá bẹ́ lásán lójú títì tó lọ sí Òjòó, àwọn èèyàn á ti máa sá jáde.

Ìyàwó mi fò sókè, ó ń pe Jésù. Èmi fò sílẹ̀, mo ń wá ṣòkòtò nínú òkùnkùn. Àmọ́ òórùn tó gbá wa nímú kì í ṣe òórùn àdó olóró. Òórùn rọ́bà tó ń jó ni, ó tún wá dà bí ìgbà téèyàn gbàgbé ẹja sórí iná. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé pálọ̀ lọmọ wa sùn sí. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ooru ló mú wa tẹ́ ẹní fún un síbẹ̀, torí ibẹ̀ ni atẹ́gùn ti máa ń wọlé díẹ̀.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, èéfín ni mo bá pàdé. Èéfín funfun, ó nípọn bí òwú, ẹ̀yìn rédíògíráàmù bàbá mi ló ti ń tú jáde. Iná kékeré kan wà níbẹ̀ tí kò ju ti àbẹ́là lọ, ó ti mú páálí tí wọ́n fi bo ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó ti ń lá ìdí kọ́tìnì. Ọmọ ń sùn lọ ní tiẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, pé gbogbo ariwo yẹn, ọmọ ò jí. Mo gbé e, mo jù ú sọ́wọ́ ìyá rẹ̀, mo ní kó máa lọ síta.

Mo wá ní kí n yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ẹ gbọ́ o, ṣọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀hún wà lẹ́yìn rédíògíráàmù! Nǹkan tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó wúwo bíi pósí, èmi fúnra mi ni mo gbé e ti ògiri, tí mo sì fi bo ṣọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ ẹ̀yìn, kí wáyà má baà máa hàn sójú àlejò. Tí mo bá máa tọwọ́ bọ ibẹ̀, àárín iná ni màá tọ̀ ọ́ bọ̀. Ìyàwó mi ti padà dé, ó ti gbé ọmọ fún Ìyá Ìbejì tó wà ní yàrá kejì, ó gbé korobá omi lọ́wọ́. Mo pariwo mọ́ ọn: "Má dà á! Iná ṣì wà lára ẹ̀!" Obìnrin náà dúró, omi ń kán sí i lẹ́sẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Téèyàn bá da omi sí nǹkan tí iná ẹlẹ́tíríìkì ṣì wà nínú ẹ̀, iná lè gba inú omi yẹn padà wá bá ẹni tó dà á. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí níbì kan, Ọlọ́run ló ní kí n rántí rẹ̀.

Ọmọ yunifásítì kan tó ń gbé yàrá tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà ló gbà wá. Ó sáré lọ síbi mítà, ó fa kọ́táòtì yọ. Gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ìgbà yẹn la wá da omi, a da omi títí, mo fa kọ́tìnì já, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó ti rẹ dáadáa bò ó mọ́lẹ̀. Iná kú.

Ṣé ẹ rò pé ó ti tán? Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú ju iná lọ fún yín. Ilé tí à ń gbé, ilé onípáṣéèjì ni, yàrá lọ́tùn-ún, yàrá lósì. Nítorí àwọn olè, irin ni wọ́n fi dí gbogbo fèrèsé, géètì irin wà lẹ́nu ọ̀nà, agádágodo wà lára géètì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Bàbá Lándílọọ̀dù. Tí aago mọ́kànlá alẹ́ bá ti lù, ó ti parí nìyẹn. Nígbà tí mo máa fi jáde sí páṣéèjì, ó kù díẹ̀ kí àwa ogún èèyàn pé nídìí géètì yẹn. Èéfín ti kún páṣéèjì, ó ṣókùnkùn, àwọn ọmọdé ń wúkọ́, àwọn ìyá ń ké. Ẹnì kan ń fi òkúta gbá agádágodo. Bàbá Lándílọọ̀dù fúnra wọn kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́, ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n fẹ́ẹ́ já ìlẹ̀kùn mọ́ wọn lórí ni wọ́n tó jáde. Ọwọ́ bàbá ń gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni tàbí mẹ́wàá. Mo kàn mọ̀ pé ká ní iná ọ̀hún ò tíì kú ni, ibi géètì yẹn ni wọn ì bá ti máa kó wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí a gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn tí wọ́n sì sọ pé èéfín tó fà símú ò tíì pọ̀, ni mo tó rí àyè jókòó sí ìta ronú. Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Mo ti pa rédíò náà kí n tó lọ sùn. Mo fi ọwọ́ ara mi yí i, mo gbọ́ 'kẹ́'. Kò tiẹ̀ síná lásìkò náà, ṣe ni iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lóru. Báwo ni nǹkan tí mo ti pa ṣe wá ń jó?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀rọ ọ̀hún ti wá. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi nígbà ayé ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ní Sẹkitéríàtì tó wà l'Agodi. Ẹ̀yin àgbà máa rántí owó Údójì. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ló dábàá pé kí ìjọba Gowon fowó kún owó oṣù òṣìṣẹ́, nígbà tó sì di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, wọ́n san àjẹsílẹ̀ oṣù bíi mélòó kan papọ̀ fáwọn èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Haa, owó dé! Ẹni tó ra ọ̀kadà ra ọ̀kadà, ẹni tó fẹ́yàwó kejì fẹ́ ẹ. Rédíò àti tẹlifíṣàn ni ọ̀pọ̀ náwó lé lórí. Bàbá mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà yẹn, kò tíì níyàwó, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Dùgbẹ̀, ó ra rédíògíráàmù tó wá láti Jámánì. Ọkùnrin mẹ́rin ló bá a gbé e gòkè lọ sí yàrá tó háyà l'Óké-Àdó. Ó máa ń sọ ọ́ fún wa pé lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ tàn án, tí òun gbé Àyìnlá Ọmọwúrà lé e, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àdúgbò ló wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà òun.

Nígbà tí wọ́n máa fi bí èmi, ẹ̀rọ yẹn ti di òrìṣà nínú ilé. Ọmọ kankan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá mi ló máa ń nù ún, ó máa ń fi aṣọ léèsì funfun bò ó lórí, ó á gbé àwo òdòdó oníke lé e. Ọjọ́ Sátidé, tí bàbá mi bá ti jẹun tán, yóò ká aṣọ léèsì yẹn kúrò, yóò fẹ́ eruku kúrò lára awo, yóò wá gbé abẹ́rẹ́ lé e bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun sílẹ̀. Tí Haruna Iṣọla bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ má bá bàbá sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn.

Ọdún 2022 ló kú. Nígbà tí wọ́n ń pín ẹrù, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mú ilẹ̀ tó wà ní Mọ́níyà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ẹ̀rọ ìránṣọ àti àga. Wọ́n bi mí ohun tí mo fẹ́. Mo ní rédíògíráàmù àti awo tó wà nínú ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni ti tàn án kẹ́yìn nígbà tí mo gbé e dé Agbowó. Mo gbé e kalẹ̀, mo kì í bọ iná, ó sì ṣiṣẹ́! Ariwo kùù kan wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ohùn Haruna jáde. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹ má sọ fẹ́nì kankan. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi ń gbádùn ẹ̀ kí òru ọjọ́ yẹn tó dé.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún rédíò ṣe l'Ékòótẹ̀dó. Ó ti lé lógójì ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju ibi téèyàn lè na ẹsẹ̀ sí lọ, rédíò àtijọ́ ló kún ibẹ̀ dókè. Bàbá tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà. Ká sòótọ́, ojú tì mí. Eruku tó wà nínú ẹ̀ tó ohun tí wọ́n ń fi ṣe ìrọ̀rí. Ìgbẹ́ aáyán wà níbẹ̀, ẹyin ọmọńlé wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn tí eku ti gé wẹ́wẹ́ fi ṣe ìtẹ́ náà wà níbẹ̀. Bàbá wò mí, ó ní: "Ọmọ mi, ìdáná lo kó jọ síbí o. Ìṣáná ló kù."

Ó wá fi imú ẹ̀mú yọ nǹkan kékeré kan jáde, kò ju ọmọńdinrín ọmọdé lọ, ó ti bẹ́ sí méjì, gbogbo ara rẹ̀ ti di èédú. Ó ní kàpásítọ̀ nìyẹn, òun ló dún 'gbàà' lóru. Bébà ni wọ́n ká sínú ẹ̀, wọ́n wá fi ike líle kan bò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má ṣe jẹ́ kí ariwo tó bá iná wá wọ inú rédíò. Nígbà tó bá tuntun, kò séwu. Àmọ́ tó bá ti di ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, ike yẹn á máa sán wẹ́wẹ́, ọ̀rinrin á máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ sì mọ bí ọ̀rinrin ṣe máa ń rí n'Ìbàdàn tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Bébà tó bá ti rin ò lè dá iná dúró mọ́. Ọjọ́ kan ni iná máa gba àárín ẹ̀ kọjá, yóò gbóná, yóò bẹ́.

Mo ní: "Bàbá, ẹ dákun, mo ti pa á o. Mo pa á kí n tó sùn."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n wò ó bí omi ẹ̀rọ. Súwíìṣì tí mo yí yẹn, òun ni tẹ́ẹ̀pù. Àmọ́ kàpásítọ̀ yìí, ara páìpù tí omi gbà wá ni wọ́n so ó mọ́, kí omi tó dé ibi tẹ́ẹ̀pù. "Tó o bá ti tẹ́ẹ̀pù pa, ṣé omi ò sí nínú páìpù ni?" Ó ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ló rí bẹ́ẹ̀. Bí púlọ́ọ̀gì bá ṣì wà lára ògiri tí súwíìṣì ògiri sì wà nílẹ̀, iná ti wọlé. Rẹ́múùtù tẹlifíṣàn tí ẹ ń tẹ̀ náà, bákan náà ni. Bí iná pupa kékeré yẹn bá ṣì ń wò yín lójú, ẹ̀rọ ò tíì sùn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá ti di tèmi nìyí, mo sì ti rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́ síbí. Lẹ́yìn tí bàbá ti ṣàlàyé tán, ó ní ohun kan ṣì ń ṣe òun ní kàyéfì. Ó ní nígbà tí kàpásítọ̀ bá bẹ́ báyìí, fíúùsì inú púlọ́ọ̀gì ló yẹ kó já lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti já, kò síná mọ́, èéfín díẹ̀ á jáde, ó parí. Kí ló dé tí fíúùsì ò já? Ó mú síkúrúdíráífà, ó tú púlọ́ọ̀gì.

Kò sí fíúùsì níbẹ̀. Bébà sìgá ló wà níbẹ̀, èyí tó ń dán bíi fàdákà yẹn. Wọ́n ká a kiri fíúùsì tó ti jóná, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé.

Bàbá mi ẹsẹ̀. Ó ní: "Àwọn èèyàn burú! Ta ló ṣe irú èyí?"

Mi ò lè dáhùn. Torí èmi ni. Ọdún 2004 ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Fíúùsì já lọ́jọ́ Sátidé kan, bàbá mi fún mi lówó pé kí n lọ ra òmíì wá lójú títì, ó tiẹ̀ kọ ọ́ sí bébà fún mi pé oní-3 ni kí n rà, kì í ṣe oní-13. Mo fi owó náà ra gúgúrú àti ẹ̀pà. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò ti kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi bébà sìgá di fíúùsì, mo rí páálí sìgá he lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, mo ṣe é, mo gbé e wọlé. Ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Bàbá mi kí mi, ó ní mo yára. Látọjọ́ náà títí tó fi kú, kò mọ̀. Èmi náà gbàgbé pátápátá. Ogún ọdún ni bébà yẹn fi dúró dè mí, ọmọ tèmi ló wá bá lórí ẹní.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ fíúùsì yìí díẹ̀, torí mo mọ̀ pé ó pọ̀ nínú wa tí ò kà á sí. Púlọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò yìí, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá, fíúùsì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Èyí tó jẹ́ 3, tó máa ń pupa, tó fún ẹ̀rọ tí kò bá ju 700 wáàtì lọ: rédíò, tẹlifíṣàn, fáànù, iná tábìlì. Èyí tó jẹ́ 13 wà fún áyọ́ọ̀nù àti ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi. Tẹ́ ẹ bá fi 13 sínú púlọ́ọ̀gì rédíò, wáyà rédíò yẹn á ti gbóná di pupa kí fíúùsì tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Tó bá wá jẹ́ wáyà tàbí bébà sìgá lẹ fi síbẹ̀, ẹ ti ní kí ọdẹ máa lọ sílé nìyẹn. Fíúùsì já, inú ń bí wa, àmọ́ kì í ṣàdédé já. Ohun kan ló rí.

Bàbá Èkótẹ̀dó ní òun kì í gbé ẹ̀rọ àtijọ́ tó ti pẹ́ nílẹ̀ sórí iná lẹ́sẹ̀ kan náà láé. Ó fi bí òun ṣe ń ṣe é hàn mí. Ó ní bọ́ọ̀bù aláwọ̀ ìyeyè kan, oní-100 wáàtì ti àtijọ́ yẹn, tó so mọ́ ojú wáyà débi pé iná gbọ́dọ̀ gba inú bọ́ọ̀bù kọjá kó tó dé inú rédíò. Tí bọ́ọ̀bù bá tàn fòò fún ìgbà díẹ̀, tó wá wálẹ̀, ara ẹ̀rọ ń dá díẹ̀. Tó bá tàn tí kò wálẹ̀, nǹkan kan ti pàdé ohun tí kò yẹ kó pàdé nínú ibẹ̀. Bọ́ọ̀bù ló máa jìyà, ilé ò ní í jó. Nígbà tó kọ́kọ́ so tèmi mọ́ ọn, lẹ́yìn tó ti yọ èyí tó bẹ́ kúrò, bọ́ọ̀bù náà tàn gbòò, kò wálẹ̀. Àwọn kàpásítọ̀ mìíì ṣì wà tí wọ́n ti gbẹ. Ó pààrọ̀ wọn, ó pààrọ̀ wáyà tó ti le gbagidi, tó jẹ́ pé bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ báyìí ló ń sán, ó fi fíúùsì 3 sí i, ó gbá gbogbo ìdọ̀tí inú ẹ̀. Ìgbà tó máa tán, owó tí mo ná lé e ju iye tí mo lè sọ fún ìyàwó mi lọ.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu bàbá náà, mo jókòó tì í títí di ìrọ̀lẹ́. Ó ní ẹ̀rù tẹlifíṣàn onídìí gígùn, èyí tó ní ìdí bíi ti ìlù yẹn, máa ń ba òun ju rédíò lọ. Iná tó wà nínú ẹ̀, nídìí gíláàsì, lè ju 20,000 fóòtì lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn téèyàn ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ọmọ kékeré kankan tó ń kọ́ṣẹ́ lójú títì dédé tú u. Agbára iná ọ̀hún ló tún ń fa eruku mọ́ ara. Nígbà tó sọ èyí, mo rántí ilé wa. Ṣé ẹ rántí ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe tí wọ́n bá ti mú iná lọ? Àbẹ́là! A ó tan àbẹ́là, a ó kán ìda rẹ̀ sórí tẹlifíṣàn, a ó gbé e dúró síbẹ̀, torí ibẹ̀ ló ga tó mọ́lẹ̀ sí gbogbo yàrá. Aṣọ léèsì wà lábẹ́ ẹ̀ o. Ike tẹlifíṣàn àtijọ́ yẹn, tí iná bá ràn mọ́ ọn, yíyọ́ ló máa ń yọ́, á máa kán sílẹ̀ bí epo gbígbóná, iná á sì máa jó lára ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Mélòó nínú wa ló sùn lọ tí àbẹ́là ń jó lórí tẹlifíṣàn? Àánú Ọlọ́run ni.

Ti ààrá tún wà. Ìlú Ṣàngó la wà, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ilé tó bá na páìpù èéríà ga sókè fún tẹlifíṣàn tàbí rédíò àtijọ́, ṣe ló nawọ́ sí ààrá. Bàbá ní tójú ọ̀run bá ti ń ṣú, kéèyàn yọ wáyà èéríà àti púlọ́ọ̀gì méjèèjì, kó tó di pé mànàmáná bẹ̀rẹ̀. Pípa á nìkan ò tó.

Ẹ̀rọ tókunbọ̀ ńkọ́? Iná tiwa, 230 fóòtì la ń pè é. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Jàpáànù jẹ́ 100. Ẹ̀gbọ́n á fi sítẹ́ríò ráńṣẹ́ láti Hóústọ̀n, àbúrò á kì í bọ ògiri l'Agbowó, èéfín á jáde kí orin tó jáde. Àwọn tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ èyí, wáyà kan wà lórí òpó tí wọ́n ń pè ní níútírà. Tí èyí bá já, iná ilé méjì lè kọlu ara wọn, 230 á ti lọ sókè kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400, gbogbo bọ́ọ̀bù ilé á mọ́lẹ̀ rokoṣo bí ojú ọ̀sán. Tẹ́ ẹ bá ti rí irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ má yọ̀ pé iná dáa lónìí. Ẹ sáré lọ fa kọ́táòtì yọ.

Àwọn àjọ kan tó ń jẹ́ Basel Action Network wá wo ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tókunbọ̀ yìí l'Ékòó lọ́dún 2005. Ohun tí wọ́n kọ ni pé ó tó 500 kọntéínà ẹ̀rọ àlòkù tó ń wọ ibùdókọ̀ ojú omi Èkó lóṣù kan, àwọn oníṣòwò tó wà nídìí ẹ̀ ló sì sọ fún wọn pé nǹkan bíi 75 nínú 100 ló jẹ́ èyí tí kò ṣeé tún ṣe mọ́. Ṣé gbogbo ìyókù yẹn la dá padà? Ó wà nínú ilé wa.

Kẹ́ ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni. Ilé Grenfell tó jó ní Lọ́ńdọ̀n lóru ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2017, àjà mẹ́rìnlélógún, èèyàn 72 ló kú. Ìwádìí ìjọba wọn fi hàn pé ara fíríìjì kan nínú kíṣìnnì lájà kẹrin ni iná ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi bo ara ilé níta ló gbé iná náà gòkè, àmọ́ fíríìjì ni ìpìlẹ̀. Wọ́n ní panápaná tó lómi, wọ́n ní àtẹ̀gùn gígùn, wọ́n ní títì tó dáa. Àdúgbò tiwa tí mọ́tò méjì ò lè pàdé ńkọ́? N'Ìbàdàn níbí, Ilé Kòkó tá à ń pè ní Àwòṣífìlà, òun náà jó ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1985, ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe tán. Bàbá mi wà lójú títì Dùgbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó máa ń sọ pé bébà tó jóná ń já bọ́ látòkè bí òjò dúdú. Mo máa ń rò pé ìtàn ló ń pa.

Nígbà tí mo padà sílé láti Èkótẹ̀dó, Bàbá Lándílọọ̀dù ti ránṣẹ́ pè mí. Wọn ò bínú tó bí mo ṣe rò. Wọ́n ní kí n yàn: kí rédíògíráàmù kúrò nínú ilé àwọn, tàbí kí èmi àti rédíògíráàmù jọ kúrò. Ìyàwó mi ti sọ tiẹ̀ látàárọ̀, ó ní òun ò ní í bá òkú jà, àmọ́ tí òun bá tún rí nǹkan yẹn ní pálọ̀ níbi tọ́mọ òun ń sùn, òun máa gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ ìyá òun. Ọkùnrin kan tó ń kó nǹkan àtijọ́ jọ ti gbọ́, ó ti dá owó lé e. Owó gidi ni o. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n gbà á.

Mo ní kí Bàbá Lándílọọ̀dù jọ̀ọ́ gbọ́ tèmi. Mo ní rédíògíráàmù máa kúrò, àmọ́ kí á jọ sọ̀rọ̀ géètì. Bàbá kọ́kọ́ fajú ro. Wọ́n ní ṣé kí olè wá kó wọn ni. Ìyá Ìbejì ló bá mi dá sí i, ó ní: "Bàbá, olè á kó tẹlifíṣàn lọ. Iná á kó àwa àti ọmọ." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Ìṣó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì báyìí, ní inú, níbi tí ẹni tó wà níta ò lè na ọwọ́ dé, kọ́kọ́rọ́ kejì wà lórí ẹ̀. A dáwó jọ, a ra ẹ̀rọ ìpaná kan, oníyẹ̀fun, èyí tó ṣeé lò fún iná ẹlẹ́tíríìkì, ó wà nípáṣéèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà. Ọmọ yunifásítì tó fa kọ́táòtì lọ́jọ́ náà ló kọ 615 àti 112 gàdàgbà sára ògiri, ti pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti gbogbo orílẹ̀-èdè.

Rédíògíráàmù ti padà sí Òké-Àdó lọ́dọ̀ ìyá mi. Ó wà ní pálọ̀ tó ti wà látìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo fà á kúrò lára ògiri kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè rí atẹ́gùn, mo sì mú kí oníná gbé ṣọ́kẹ́ẹ̀tì wá sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí ìyá mi lè na ọwọ́ dé láìbẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ́ wọn: tí orin bá ti tán, kí wọ́n yọ púlọ́ọ̀gì, kí wọ́n gbé e sórí àga kí àwọn fúnra wọn lè rí i. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń lọ. A ó jẹun, màmá á ká aṣọ léèsì kúrò, èmi á fẹ́ eruku kúrò lára awo. Ẹ̀ẹ̀kan wọ́n bi mí pé kí ni fíúùsì ṣe tó fi jẹ́ pé mo kọ́kọ́ máa ń tú púlọ́ọ̀gì wò kí n tó kì í bọlé. Mo ní kò sí nǹkan kan.

Mi ò tíì sọ ọ̀rọ̀ bébà sìgá fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń ka ìwé ìròyìn yìí sí wọn létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà, Ìyáà mi, ẹ má bínú. Gúgúrú yẹn ò tiẹ̀ dùn.